Bí A Ṣe Dákẹ́ Fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ní Sábó tiwa ní Ṣàgámù, ẹni tó bá gba iye àkọ́kọ́ tí oníbàárà pè, òpè ni. Màmá mi ti ń ta obì níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Oníbàárà á pe iye tirẹ̀, màmá mi á máa ṣa obì wọn lọ bí ẹni tí kò gbọ́, títí onítọ̀hún á fi fúnra rẹ̀ fi kún un. Mi ò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n dákẹ́ tó wọn.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́. Ìsọ̀ màmá mi ni mo jókòó sí nígbà tí èsì wọlé sórí fóònù mi. Ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà mí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ewéko ni wọ́n fún mi. Ibi méjì ló wà tí mo lè tẹ̀: kí n gbà, tàbí kí n kọ̀. Màmá mi kò mọ̀wé kà, wọ́n ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn. Mo kà á.

Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní, "Má gbà, má sì kọ̀. Dákẹ́ fún wọn. Tí wọ́n bá rí i pé o ò kánjú, wọ́n á mú èyí tó dáa wá."

Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín. Ó bọ́gbọ́n mu létí mi lọ́jọ́ náà, nítorí ìgbéraga wà lára mi. Èmi tí gbogbo àdúgbò ti ń pè ní nọ́ọ̀sì, ṣé ewé ni kí n wá lọ máa kọ́? Bí a ṣe dákẹ́ nìyẹn. Láràárọ̀ ni màmá mi ń béèrè bóyá wọ́n ti fi kún un, mo ń dáhùn pé rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ṣí i, mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Àwa méjèèjì la wọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Akọ̀wé tó dá wa lóhùn kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣàlàyé pé àyè tí èèyàn kò bá gbà kí ọjọ́ tó pé, ẹlòmíràn ni wọ́n ń fún. Ó ní ká ní mo ti gbà á ni, mo lè béèrè fún ìyípadà lẹ́yìn ọdún kan, ṣùgbọ́n bó ṣe rí yìí, kí n lọ tún ìdánwò ṣe. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó bi mí pé ṣé mi ò rí ọjọ́ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni.

Mo rí i. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti rí i. Mi ò kà á fún màmá mi, nítorí oníṣòwò obì mọ ọjà tí kò lè dúró. Ká ní wọ́n gbọ́ pé ọjọ́ wà níbẹ̀, wọn ì bá ní kí n gbà á kíákíá.

Kí n tó lanu, màmá mi ti dáhùn. "Ọ̀gá, èmi ni mo ní kó má gbà á. Àìmọ̀kan mi ni."

Ojú tì mí, mo sì dákẹ́. Wọ́n ru ẹ̀bi náà dé Sábó. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n á ní àwọn làwọn ba ọdún kan jẹ́ mọ́ ọmọ àwọn lọ́wọ́. Àwọn àbúrò bàbá mi bá wọn wí, màmá mi gba ẹ̀bi náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kàwé, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́dún kejì tí mo tún ìdánwò ṣe, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fún mi. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni mo gbà á.

Ìlárá ni mo ti ń ṣe olùkọ́ báyìí. Lọ́dún yìí, àgbẹ̀ kan mú fóònù ọmọ rẹ̀ wá bá mi pé kí n ka èsì ibẹ̀ fún òun. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo tún ọjọ́ ibẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì, ni ọkàn mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lẹ́bi. Nígbà tó di Sátidé, mo lọ bá màmá mi, mo jẹ́wọ́.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ojú rẹ ni mo wò nígbà tí ọ̀gá yẹn béèrè."

Omi lé ròrò sójú mi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kí gbogbo ayé máa bú wọn.

"Ẹ̀bi ọdún tó bàjẹ́ yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rù ú. Ìwọ ní ìdánwò tí o fẹ́ ṣe nígbà náà. Èmi, obì ni mo ń tà."