Téèpù Tí Ọláṣùpọ̀ Kò Yọ Léyín

Ọláṣùpọ̀ kì í ṣe èèyàn tó rọrùn láti bá gbélé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Kò tíì kú, nítorí náà kò sídìí tí n ó fi máa yìn ín bí òkú. Ó máa ń jágbe mọ́ èèyàn. Tó o bá gbé ife tíì lé orí kọ̀ǹpútà lójú ẹ̀, àfi bíi pé o gbé e lé orí ìyá ẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ilé wa ní Ìdí-Àràbà, kò sẹ́ni tí nǹkan ẹ̀ bàjẹ́ tí kì í sáré lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Èmi ni Kíkẹ́. Iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí mo ti ń bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà tẹ ìwé wọn. Àtìgbà tí Ọláṣùpọ̀ ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yábàá ni mo ti mọ̀ ọ́n, ó ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ níbẹ̀, ó sì lórúkọ. Ìjà la fi mọra. Kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ rà ń dákú lójoojúmọ́. Tí mo bá tẹ̀wé dé ìdajì báyìí, yóò kàn pa ara ẹ̀. Mo ránṣẹ́ pè é, ó wọlé, kò tilẹ̀ jókòó.

"Kí lèyí?"

Kírósíà ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi hun ún, funfun báláú, mo fi bo kọ̀ǹpútà náà látòkè délẹ̀, mo wá gbé òdòdó rọ́bà lé e lórí. Ṣé bí gbogbo wa ṣe ń ṣe tẹlifíṣọ̀n wa náà nìyẹn? Ohun tó bá wọ́n, a kì í jẹ́ kó wà níhòòhò.

Ọláṣùpọ̀ ní, "Kíkẹ́, tí mo bá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹ lórí lọ́sàn-án gangan, ṣé wàá mí? Ihò tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yẹn, imú ẹ̀ nìyẹn. O ti dí i nímú, o wá ń bínú pé ó ń dákú."

Ló bá ṣí kírósíà mi, ó ju òdòdó mi síta. Mo bú u, bẹ́ẹ̀ ni, mo bú u dáadáa. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà kò dákú mọ́.

Ìgbà yẹn ìyàwó ẹ̀ ṣì wà. Ọmọ́níkẹ́ lorúkọ ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Wọn ò bímọ, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Nígbà tí owó oṣù nọ́ọ̀sì kò tó ra nǹkan kan mọ́ nílùú yìí, tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ń wábi gbà lọ, Ọmọ́níkẹ́ náà ríṣẹ́ sí Sàúdí, ó lọ.

Téèpù la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wà lókè òkun á sọ̀rọ̀ sí ojú kìíní, á fún alálàájì tó ń bọ̀ wálé. Ẹni tó wà nílé á gbọ́ ọ, á yí i padà, á fi ojú kejì dáhùn, téèpù kan náà á sì tún bá ẹlòmíì padà lọ. Alhaja Bàlíkísù, ará Muṣin, ló bá Ọmọ́níkẹ́ mú téèpù tó kẹ́yìn wá.

Ọláṣùpọ̀ kò tètè dáhùn. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Onílé ń lé e ní ṣọ́ọ̀bù lákòókò yẹn, kò sì fẹ́ kí ohùn òun gbé ìròyìn burúkú dé etí obìnrin tó wà lájò. Ó ní kí ọ̀rọ̀ dáa díẹ̀ ná. Ibi tó ti ń dúró kí ọ̀rọ̀ dáa ni wọ́n ti wá sọ fún un pé Ọmọ́níkẹ́ ṣàìsàn, kò pẹ́, ó kú, wọ́n sì ti sin ín sọ́hùn-ún. Kò rí ibùsùn tó dùbúlẹ̀ sí. Kò rí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́.

Ó tún gbogbo kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà tó kù nílẹ̀ ṣe, ó dá wọn padà fún oníǹkan, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo bá a sọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn ilé wa. Ó kó dé, ó ní òun ò ṣe mọ́ o: ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ràn kó wá gba ìmọ̀ràn, òun ò ní tú ìdí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni láéláé.

Ìmọ̀ràn wá di ti ọ̀fẹ́, a wá gbọ́ ọ títí ó fi sú wa. "Ẹ yé fi eyín tẹ bátìrì. Ẹ yé sá a sóòrùn. Tó bá ti kú, ó ti kú, ẹ yọ ọ́ jùnù kó tó jò sínú rédíò yín." Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé dísìkì tí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ wà lé orí sípíkà rédíò mi, Ọláṣùpọ̀ pariwo tó fi jẹ́ pé ọmọ náà ju dísìkì sílẹ̀: "Òòfà ló wà nínú ibẹ̀ yẹn! Á pa gbogbo ohun tó o kọ rẹ́!" Ti Nẹ́pà ló tún wá burú jù. Ó ní tí wọ́n bá ti mú iná dé, tí àwọn ọmọ ń ké "Ọ́pù Nẹ́pà", ká má fọwọ́ kan súìṣì. Ó ní orí gbígbóná niná tó kọ́kọ́ dé ń gbé bọ̀, ká jẹ́ kí fìríìjì ará ilé kejì kọ́kọ́ fara gbá a. Ẹ ò rí nǹkan? Gbogbo ilé gbọ́ ìmọ̀ràn kan náà. Iná á dé, kálukú á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀, a ó máa wojú ara wa, ta ni yóò kọ́kọ́ tan tiẹ̀.

Èyí tó tẹnu mọ́ jù ni ti téèpù. Ó ní eyín ike kékeré méjì ló wà lẹ́yìn téèpù, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Tóhun tó ò fẹ́ kó parẹ́ bá wà níbẹ̀, fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó yọ eyín náà, rẹ́kọ́dà ò ní lè gba ohùn míì lé e mọ́. "Téèpù tó ní eyín, òfìfo ni. Èyí tí kò leyín, ẹ yẹra fún un." Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Gbogbo ilé wá ń yọ eyín téèpù. Téèpù ìgbéyàwó, téèpù wáàsí, a yọ gbogbo wọn léyín pátápátá.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday ló máa ń gbé Ọmọ́níkẹ́ sí i. Ooru kì í jẹ́ kó tilẹ̀kùn, nítorí náà gbogbo wa la jọ ń gbọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n sórí.

"Àkàngbé. Àkàngbé mi, ọkọ Ọmọ́níkẹ́. Mo kí yín o. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti gbúròó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Lẹ́yìn náà ló máa wá ròyìn oòrùn ibẹ̀, àti àwọn aláìsàn ẹ̀, àti ẹ̀wà tí kò rí rà. Tó bá ku díẹ̀ kó tán, á ní, "Ẹ fi ojú kejì dá mi lóhùn o. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́." Téèpù á kàn máa yí lófìfo. Ọláṣùpọ̀ á jókòó tì í títí á fi dúró fúnra ẹ̀, á wá dá a padà síbẹ̀rẹ̀ de Sunday tó ń bọ̀. Ó máa ń dùn mí. Mo máa ń rọra yí rédíò mi sílẹ̀ nítorí ẹ̀, ẹ má sọ fún un.

Lọ́jọ́ kan mo bá a palẹ̀ tábìlì ẹ̀ mọ́, mo mú téèpù náà dání. Haa! Eyín ẹ̀ pé!

"Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yọ eyín téèpù kiri àdúgbò, tiyín ńkọ́? Àbí kò sí bí ọ̀bẹ ṣe lè mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀?"

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. "Mi ò tíì dá a lóhùn."

"Ojú kejì lẹ máa fi dáhùn. Ẹ fi eyín tibẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ yọ ti ojú kìíní tóhùn ẹ̀ wà."

"Kíkẹ́, wọ́n sin ín, mi ò sí níbẹ̀. Tí mo bá yọ eyín yìí, bí ẹni pé èmi náà ń bu yẹ̀pẹ̀ sí i ni. Fi mí sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. 

Sìdíkàt wá dé inú ilé. Ìyàwó tuntun ni, Mùíz ọkọ ẹ̀ ti ríṣẹ́ lọ sí Kánò, ọmọ náà fẹ́ gba ohùn ẹ̀ sí téèpù ránṣẹ́ sí i. Ó lọ bẹ Ọláṣùpọ̀ ní ọ̀sán Sunday kan, Ọláṣùpọ̀ gbà. Ó gbé rẹ́kọ́dà sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀, ó fi bọ́tìnnì hàn án, pé pupa yìí àti ẹnìkejì ẹ̀ ni wọ́n jọ ń tẹ̀. Ó ní, "Dúró dè mí, jẹ́ kí n ra búrẹ́dì wá."

Ẹ gbà mí! Ọmọ náà ra téèpù tuntun o, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó ṣí rẹ́kọ́dà láti fi sí i, ó bá téèpù kan níbẹ̀. Ó yọ ọ́, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí Ọláṣùpọ̀ ṣe kọ́ wa. Ó rí eyín. Ó ní, téèpù tó ní eyín, òfìfo ni, bọ̀dá ti bá òun fi ọ̀kan síbẹ̀. Ó dá a padà, ó tẹ bọ́tìnnì méjèèjì.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín: "Hẹ́lò, hẹ́lò. Mùíz, èmi ni o. Ara mi le. Ṣé òtútù Kánò ò pa yín?" Mi ò mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́. Ìgbà tí Ọláṣùpọ̀ já wọlé ni mo gbọ́ igbe.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?"

Sìdíkàt tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀hún, búrẹ́dì ti wà nílẹ̀, ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀, Ọláṣùpọ̀ ti wọ yàrá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé rẹ́kọ́dà lé itan.

"Àǹtí Kíkẹ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé tó bá ti ní eyín..."

"Mo mọ̀. Dìde, lọ sọ́dọ̀ mi."

Mo mú búrẹ́dì, mo wọlé, mo jókòó.  Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó kù."

"Ibi tó parẹ́ yẹn ló ti pè mí lórúkọ," ló wí. "Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yin ń pè mí ní bọ̀dá, àwọn ọmọ ń pè mí ní ẹnjiníà. Àtìgbà tí ìyá mi ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun nìkan ló kù tó ń pè mí ní Àkàngbé. Kò sẹ́ni tó máa pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, Kíkẹ́. Mi ò lẹ́nì kankan."

Mo fẹ́ sọ pé ẹ ní wa. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ìmọ̀ràn la máa ń wá gbà lọ́dọ̀ ẹ̀, tá a bá ti gbà á tán, kálukú á gba yàrá ẹ̀ lọ. Mo na ọwọ́, mo yí téèpù náà padà síbẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Sìdíkàt ló kọ́kọ́ dé, hẹ́lò, hẹ́lò, Mùíz, òtútù Kánò. Ọláṣùpọ̀ dijú. Lẹ́yìn náà ni igbe tiẹ̀ gan-an: "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?" Nǹkan kan ró kà. Téèpù yí lófìfo díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Ọmọ́níkẹ́ wí. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

 Ọláṣùpọ̀ lajú. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ dá a dúró, ó yí i padà sẹ́yìn, ó tún un gbọ́. Ó jágbe, Ọmọ́níkẹ́ bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti wọkọ̀ òfuurufú, ohùn àwọn méjèèjì kò tíì pàdé lójú kan náà rí.

Ó ní, "Bá mi mú sísọ́ọ̀sì ẹ wá."

Mo mú un wá. Ó yọ téèpù, ó ki ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ eyín ojú kìíní. Eyín náà fò sílẹ̀. Ojú kejì, kò fọwọ́ kàn án. Ó dá téèpù padà, ó tún gbé e sí i látìbẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ Sìdíkàt tán, ó gbọ́ ara ẹ̀ tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá, Ọmọ́níkẹ́," Ọláṣùpọ̀ dáhùn. "Mi ò tíì jẹun."

Mo já búrẹ́dì náà sí méjì, mo fi ìlàjì lé e lọ́wọ́.