Bàbá Ìṣirò àti Àdàkọ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Ìṣirò, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níléèwé wa, já wọ yàrá àwa olùkọ́, ó ní òun ti di ọlọ́mọ. Gbogbo wa dìde.

"Ẹ kú ewu ọmọ! Akọ ni àbí abo?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n."

Ọ̀gá àgbà lanu. "Ìyá wọn ńkọ́?"

"Wọn ò níyàá, wọn ò ní bàbá. Èmi ni mo kàn gbà wọ́n tọ́."

Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní yàrá ìkẹ́rùsí ni àwọn ọmọ ọ̀hún wà. Bàbá Ìṣirò ti da lẹ́tà rúdurùdu sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà á mú ìlà lẹ́tà méjì, á ka ọ̀kan bí àṣẹ, á fi tún èkejì kọ, á dá wọn padà, á tún mú méjì mìíràn. Fún oṣù mẹ́rin, pàǹtí ni. Àfi bí ìlà kan ṣe ṣàdédé da ara rẹ̀ kọ, tí àdàkọ náà tún da ara rẹ̀ kọ, títí wọ́n fi di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Ẹ sì wo ẹni tó ń fò fáyọ̀ o! Ọgbọ̀n ọdún ló fi fún ọmọ ọlọ́mọ ní òdo nítorí àdàkọ nínú ìdánwò.

Ọ̀gá ò gbà. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Irọ́ lẹ ń pa."

Ó dun Bàbá Ìṣirò wọra. Bí wọ́n bá pè é ní wèrè, ẹ̀rín ni yóò rín. Onírọ́ ni kò lè gbà. "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tẹ pàǹtí tiẹ̀. Bí irú ẹ̀ ò bá tún ṣẹlẹ̀, màá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo purọ́."

A pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. A fi aṣọ dì í lójú. Ó gbá àwọn bọ́tìnnì títí ọ̀kan fi fò yọ.

"Rọra o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń rọra da pàǹtí nù?"

Ọ̀gá tilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni Bàbá Ìṣirò fi ń yọjú lójú fèrèsé, tó ń rù. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, àdàkọ ìlà kan ṣoṣo ló kún ojú ẹ̀rọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àbúrò ké: "Àwọn ọmọ mi rèé!"

"Mo ní wọn ò níyàá."

"Ta ló tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ni?"

Ọ̀gá ní òun máa rò ó wò. Ọdún méjì ló fi rò ó láìsọ nǹkan kan, Bàbá Ìṣirò sì kú.

Létí sàréè, ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. "Mo pe ọkùnrin yìí lónírọ́. Kò purọ́. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà."

Àbúrò nu ojú. "Ẹ tún un sọ, ọ̀gá, kẹ́ ẹ gbóhùn sókè. Etí ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ràn dáadáa."

Ni ọ̀gá bá fi igbe sọ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹta. À ń rẹ́rìn-ín, à ń sunkún. A fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an.