Èèkàn Tí Tìjání Gbẹ́

Káfíńtà ni Tìjání, ní agboolé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Horatio, akọ̀wé ìjọba, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Opó kan tó ń jẹ́ Màmá Clementina ló bí Horatio, ní Lafiaji. Láti kékeré ni àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ti jọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà.

Lọ́dún 1956, òyìnbó kan ní ọ́fíìsì fi àwòrán àwọn tó ń fi okùn gun àpáta han Horatio. Látìgbà náà, kò jẹ́ kí Tìjání sinmi.

"Ìwọ ṣáà bá mi gbẹ́ èèkàn," ó ní. "Bá a bá ṣe ń gòkè la ó máa gbá a sínú ibi tí àpáta bá ti sán, a ó sì so okùn mọ́ ọn. Bẹ́sẹ̀ bá yọ̀, èèkàn á gbà wá dúró."

"Igi yìí ò tíì gbẹ, Horatio. Jẹ́ ká sá a díẹ̀ sí i."

"Títí dìgbà wo? Sátidé tó ń bọ̀ ni mo gbàyè."

Tìjání bá gbẹ́ ẹ.

Wọ́n wọ rélùwéè ní Ìdó lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn dé ìdí àpáta kan lẹ́yìn abà. Horatio ló ṣáájú. Tìjání di okùn mú nísàlẹ̀. Horatio gbá èèkàn àkọ́kọ́, ó gbá èkejì, ó gbá ẹ̀kẹta, ó ń kọrin lábẹ́ ètè.

"Tú okùn sí i," ó ké sílẹ̀.

Tìjání tú u. Ẹsẹ̀ Horatio yọ̀. Èèkàn kẹta fò jáde, èkejì là sí méjì, àkọ́kọ́ sì ti sún mọ́ ilẹ̀ jù. Okùn bó Tìjání lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Horatio já lulẹ̀, kò mí mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ló bá a gbé òkú náà dé ibi tí wọ́n ti rí lọ́rì.

Ní Lafiaji, Màmá Clementina gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró.

"Ta ló gbẹ́ èèkàn náà?"

"Èmi ni, mà." Tìjání dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kan pósí rẹ̀."

"Rárá, Tìjání. Èyí tọ́wọ́ ẹ ṣe ti tó."

Káfíńtà mìíràn ló kàn án. Ẹ̀yìn pátápátá ni Tìjání wà lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó rí i pé ìdérí pósí náà kò bára mu dáadáa, ìyẹn sì dùn ún wọra. Hàwáwù, ìyá rẹ̀, ní kádàrá ni.

Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, Màmá Clementina wọ ṣọ́ọ̀bù Tìjání, ó jókòó lórí àpótí.

"Lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "ṣé inú ẹ̀ dùn?"

"Inú ẹ̀ dùn, mà. N ò rí i kí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ìyá náà mi orí, omi dà lójú rẹ̀. Ó ní kó bá òun kí ìyá rẹ̀. Tìjání sìn ín dé etí títì Adéníji Adélé. Nígbà tó padà dé, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sáàárín èérún igi, ó sì sunkún.