Sàréè Pyo Àkọ́kọ́
Orí òkè yìí ní Korea ni wọ́n sin baba ńlá wa tó kọ́kọ́ jẹ́ Pyo sí láyé àtijọ́, kí ìdílé náà tó tàn dé Seoul àti Busan. Ẹ̀gbọ́n mi Gil-ho ló ń gé koríko rẹ̀ lọ́dọọdún, títí orúnkún wọn fi daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ọmọ Pyo tó fẹ́ gbà á ṣe, la bá ní ká hú egungun baba, ká sun ún, ká má bàa ní sàréè tí a ó máa gé koríko rẹ̀ mọ́.

Erùpẹ̀ dúdú nìkan la bá níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, èmi tí mo jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì. “Díákónì, baba dà?”

“Ọlọ́run yóò jí wọn dìde, Bọ̀dá.”

“Jí kí ni? Iyẹ̀pẹ̀ yìí?”

Ẹ̀gbọ́n mi bu erùpẹ̀ sínú bébà funfun, wọ́n gbé e mọ́ àyà.

“Baba, ẹ má bínú. Orúnkún mi ni.”