Ọ̀bẹ Tí Wọ́n Yí Ẹnu Rẹ̀ Padà

Obìnrin kan wà tí gbogbo ilé iṣẹ́ báàgì ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Fèrèsé, nítorí ẹ̀bá fèrèsé ló ń jókòó, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bá a du ìjókòó náà. Kì í ṣe pé ó burú. Bó bá rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ìpẹ̀kun yàrá á gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kò gba òkùnkùn. Òun ló ń fá etí awọ. Kí wọ́n tó lè ṣẹ́ etí awọ báàgì po kó má wú bí ẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ fá a títí yóò fi fẹ́lẹ́. Tó bá fá a jù, awọ á lu. Tí kò bá fá a tó, abẹ́rẹ́ á kán. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é níbẹ̀, ọ̀gá kò sì rí ìdí tí wọ́n á fi di méjì.

Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é. Ọ̀bẹ ìfáwọ kì í sì í ṣe ọ̀bẹ ilé ìdáná. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tẹ́jú pẹrẹsẹ, ìyẹn ló ń sùn lórí awọ. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n pọ́n dà gẹ̀rẹ́, ìyẹn ló ń wo ojú ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí gẹ̀rẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún wà, òdìkejì rẹ̀ ni ti ọlọ́wọ́ òsì wà. Gbogbo èyí tó kún ọjà, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni, bí ẹni pé Ọlọ́run kò dá ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbọ́n Fèrèsé fi lọ bá alágbẹ̀dẹ kan, tó jókòó tì í títí ó fi rọ tirẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń pọ́n ọn. Ẹ̀gbẹ́ tó dà gẹ̀rẹ́ nìkan ló ń tẹ̀ mọ́ òkúta; tó bá ti parí, á fi ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú ra òkúta lẹ́ẹ̀kan péré, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, láti nu irun irin tó yọ lẹ́nu rẹ̀ kúrò. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀bẹ lọ̀bẹ ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹni tí kò rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀bẹ rí kò lè mọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìdí gọ́ọ̀mù ni tirẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n ìyá tètè kú, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ni àbúrò gùn dàgbà. Ẹ̀gbọ́n ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló rán an níléèwé, òun náà ló mú un dé iwájú ọ̀gá, tó sì ní bí ọmọ yìí bá ṣe ohun tí kò dáa, òun ni kí wọ́n bi. Ó ti pẹ́ tí àbúrò ti ń sọ pé òórùn gọ́ọ̀mù ń fọ́ òun lórí. Ẹ̀gbọ́n á fi í ṣẹ̀fẹ̀, á ní kó sún ìjókòó rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Fèrèsé yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ òsì gbélẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì kán. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì di í ní ilé ìwòsàn. Dókítà ní egungun á jọ, ṣùgbọ́n òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ náà á lè di nǹkan mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Yàtọ̀ sí awọ, kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ọwọ́ náà ṣe.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni àbúrò ń wá kí i. Ó ń bá a fọṣọ, ó ń bá a dirun, ó sì ń ròyìn ilé iṣẹ́ fún un títí yóò fi di ikùn mú nítorí ẹ̀rín. Tó bá béèrè ìjókòó rẹ̀, àbúrò á ní kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀, pé ọ̀gá ń gbé awọ lọ síta láti fá a títí ara rẹ̀ á fi yá. Nígbà tó ṣe, àbúrò ní ìpẹtà ti ń yọ lára ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn, kí òun lè máa bá a tọ́jú rẹ̀. Omi lé ròrò sójú Ẹ̀gbọ́n Fèrèsé. Lórí ibùsùn níbẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ṣíbí, ó da àwo dé bí òkúta, ó sì fi ibi tí ìka á ti tẹ̀ ẹ́ hàn án. Ó ní tó bá ń han, ó ti gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè jù. Tó bá ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó má ṣe yí ọwọ́ padà mọ́. Àbúrò béèrè bí ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú ṣe lè padà tẹ́jú, tí èèyàn bá ṣèèṣì pọ́n ọn dà gẹ̀rẹ́. Ó ṣàlàyé ìyẹn náà fún un. Lọ́jọ́ yẹn, inú rẹ̀ dùn sí àbúrò rẹ̀ ju bó ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tí wọ́n tú sìmẹ́ńtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún aṣọ tútù, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú eyín pípa. Díẹ̀díẹ̀ ọwọ́ náà gbọ́ràn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó fún aṣọ kan títí tí kò ku ẹ̀kán omi, ó múra, ó sì gba ilé iṣẹ́ lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ pariwo nígbà tí wọ́n rí i. Ó bá wọn ṣàwàdà, ó ní ṣé wọ́n rò pé òun ti kú ni. Ó kíyè sí i pé obìnrin kan tí òun kò mọ̀ rí ló wà nídìí gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò tíì rò ó dé ibì kankan. Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fi í lé etí awọ kan. Ọ̀bẹ náà yọ̀ lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó rì wọnú awọ, ó sì lù ú já.

Ó rò pé ọ̀bẹ ẹlòmíràn ni òun ṣèèṣì mú. Ṣùgbọ́n aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ fi we èèkù rẹ̀ nìyí. Ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ibi tó tẹ́jú ti di gẹ̀rẹ́, ibi tó dà gẹ̀rẹ́ ti tẹ́jú, ó ti di ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ti rù bí ẹni tó ṣàìsàn. Ẹni tó bá fẹ́ yí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ padà gbọ́dọ̀ jókòó ti òkúta lójoojúmọ́, kó fi sùúrù jẹ irin náà. Kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì ṣe é.

Àbúrò wọlé láti yàrá ìkó-awọ-sí, ó kó awọ dání. Ó dúró.

Ẹ̀gbọ́n Fèrèsé bi í pé, “Ta ló yí ẹnu ọ̀bẹ mi padà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ fún mi pé òní lẹ ń bọ̀.”

Ọ̀gá ti gbọ́ ariwo, ó sì ti jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó kí i kú ewu. Ó ní ọ̀rọ̀ tó fi rán àbúrò rẹ̀ sí òun wú òun lórí, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè gbà pé ọwọ́ òun ti parí iṣẹ́, tí á sì ní kí wọ́n yí ọ̀bẹ òun fún àbúrò òun kó má bàa bọ́ sí ọwọ́ àjèjì.

Ẹ̀gbọ́n Fèrèsé ní òun kò rán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀, kò pariwo. Ó fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní, “Sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ̀gá.”

Àbúrò wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbàgbé ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi ṣíbí kọ́ mi lórí ibùsùn yín.”

Ọ̀gá béèrè bóyá lóòótọ́ ló kọ́ ọ. Kí ni kó sọ? Ó kọ́ ọ. Ó ní òun kọ́ ọ, àmọ́ kì í ṣe fún èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti gbé ọwọ́ sókè bí àgbà tó ń là wọ́n níjà. Ó ní ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni, kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀ nílé. Pé irin tó ti lọ kò ṣeé dá padà, iṣẹ́ sì wà nílẹ̀. Ní báyìí ná, kí Ẹ̀gbọ́n Fèrèsé lọ bá wọn jókòó nídìí gọ́ọ̀mù. Ó sì padà sínú yàrá rẹ̀. Ẹni tá a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ló ní kí àbúrò wá fẹ́ òun lójú, ta ni kó wá fẹjọ́ sùn?

Àwọn méjèèjì ló kù lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n Fèrèsé béèrè bóyá ó ti ní in lọ́kàn lọ́jọ́ tó wá bi òun léèrè. Àbúrò ní òun ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, pé ọ̀bẹ kàn ń yọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ lórí òkúta ni.

Ó dun ẹ̀gbọ́n wọ egungun. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan kò tíì yé e, ó sì fẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣì, ọ̀rọ̀ àìlówó lọ́wọ́, ohun tí èèyàn lè gbọ́ kó sì dárí ji ọmọ ìyá rẹ̀.

“Ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ ọ̀tún kún ọjà. Kí ló dé tí o ò ra tìẹ?”

Àbúrò gbé awọ tó kó dání lé tábìlì. Kò bínú, ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń ròyìn fún un lọ́jọ́ Ìsinmi náà ló fi dáhùn.

“Ká ní mo ra tèmi, tiyín á ṣì wà nílẹ̀. Ẹ máa padà wá jókòó ni.”

Ẹ̀gbọ́n Fèrèsé rọra fi ọ̀bẹ náà lélẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba àárín àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ kọjá, kò sì sẹ́ni tó rán nǹkan kan títí ó fi jáde.