Tísà Barnabas Gbé Línọ́ọ̀sì Wọlé

Bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Tísà Barnabas Awóyẹmí ní Òmù-Àrán, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìrántí ìyá ìyàwó rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni á kọ́kọ́ mú wá. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹbí ti ti Èkó dé. Orin ni gbogbo wọn fẹ́ gbọ́, orin àtijọ́ tí Màmá Ìsánlú máa ń kọ ní ohùn Ìgbómìnà, tí Tísà gbà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí ìyá náà ṣì wà láyé. Kò sí ibòmíràn tí èèyàn ti lè rí orin wọ̀nyẹn. Tísà tún táì rẹ̀ ṣe, ó tan kọ̀ǹpútà, ó sì yí ojú rẹ̀ sí àwọn èèyàn bí ẹni tí ń fi ọmọ tuntun han ẹbí.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó bíi mélòó kan ló wà lápá òkè, funfun.

"Kí ló kọ síbẹ̀?" Rúùtù, ìyàwó rẹ̀, bi í.

Tísà tẹjú mọ́ ọn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún tẹjú mọ́ ọn. "Ó kọ 'resikíù'. Ó ní kí á gba òun là."

Pásítọ̀ dìde lórí àga iwájú. "Bó bá jẹ́ ìgbàlà ló ń wá, Tísà, ibi tó yẹ kó wá náà ló wá. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa bi í, ta ló kó o sínú ẹ̀ṣẹ̀?"

Bí ọkùnrin náà ṣe rí nìyẹn. Jọ́gíráfì ló kọ́ àwọn ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n nǹkan tuntun ni ìfẹ́ rẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Nàìjíríà, firíìjì ló rà, iná mànàmáná kò sì tíì dé àdúgbò wọn. Rúùtù bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ó kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú rẹ̀, ó pa á dé. "Ìyá Bọ́lánlé, ṣé eku lè wọ ibẹ̀ yẹn?" Eku kò wọ ibẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà tí iná wá dé, ó kọ̀, kò kó aṣọ rẹ̀ kúrò, ó wá di olùkọ́ kan ṣoṣo tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tútù nini lọ sí ilé-ìwé nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Kọ̀ǹpútà yìí, Bọ́lánlé ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà di arúgbó. Tí Tísà bá tan Wíńdò tó wà nínú rẹ̀ láàárọ̀, á lọ wẹ̀, á lọ jẹun, á sì padà wá bá a níbi tó ṣì ti ń yí. Ọdún yẹn ni owó epo tún wó lulẹ̀, tí ìrẹsì di oúnjẹ Kérésì nìkan, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun. Abdulkadir, tó ń ta fóònù ní Ìlọrin, ló sọ fún un pé Línọ́ọ̀sì wà, ètò mìíràn tí ń darí kọ̀ǹpútà bíi Wíńdò, pé ọ̀fẹ́ ni, pé ó yára, àti pé ó lè bá Wíńdò gbé inú ẹ̀rọ kan náà. Ó fún un ní sídì rẹ̀, ó ní kó kúkú gbé kọ̀ǹpútà wá kí òun bá a ṣe é.

"Kí n gbé e wá?" Tísà dá a lóhùn. "Ṣé aláìsàn ni?"

Ọjọ́ tó dé láti Ìlọrin, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Bọ́lánlé lórí fóònù. Tísà kì í rọra sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Rúùtù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn fèrèsé.

"Mo ti pinnu," ó ní. "Mò ń mú tuntun wọlé. Rárá o, mi ò ní lé ti àtijọ́ jáde, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Àyè gba àwọn méjèèjì. Ti àtijọ́ yìí ti wúwo jù ni. Tí mo bá pè é láàárọ̀, ọ̀sán ló ń dá mi lóhùn."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, Rúùtù ti gbé báàgì sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti ké sí ọlọ́kadà tí yóò gbé e lọ sí Ìsánlú-Ìsin, ilé bàbá rẹ̀.

"Bàbá Bọ́lánlé, lọ́jọ́ ogbó yìí? Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Línọ́ọ̀sì."

"Ọmọ ibo?"

Tísà yẹ sídì ọwọ́ rẹ̀ wò. "Wọ́n ní Fíńláǹdì ni wọ́n ti bí i."

Rúùtù jókòó gbì sórí báàgì. "Háà! Òyìnbó!"

Bọ́lánlé ló bá wọn yanjú rẹ̀ lórí fóònù, pé kọ̀ǹpútà ni bàbá òun ń sọ. Ọlọ́kadà ti jókòó sábẹ́ igi nígbà náà, ó ní òun kò lọ mọ́, òun fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Nígbà tó di ọjọ́ tí Tísà fẹ́ fi Línọ́ọ̀sì sínú ẹ̀rọ, ó fi sídì sí i, ẹ̀rọ sì tan rekete. Ó wá bi í pé àyè wo ló fẹ́ fún àlejò yìí, ó sì dábàá ìdajì.

"Ìdajì! Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé!" Tísà gé e kù. Kọ̀ǹpútà ní ìyẹn kò tó. Ó fi díẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó tún fi díẹ̀ lé e, ó ń ráhùn, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di ìdajì, ó wá kígbe sí Rúùtù nílé ìdáná pé òun ti borí ẹ̀rọ náà.

Línọ́ọ̀sì wọlé lóòótọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Ìjọ̀ngbọ̀n ibẹ̀ ni pé, gbogbo ìgbà tí Tísà bá tan ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ bi í pé nínú àwọn méjèèjì, èwo ló fẹ́. Ó fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìrántí ku ọ̀la, inú bí i. "Ta ni ó ń bi léèrè? Nínú ilé mi?" Ó wọ inú Wíńdò, ó pa gbogbo ibi tí Línọ́ọ̀sì wà rẹ́ pátápátá, ó pa ẹ̀rọ, ó lọ sùn. Kò mọ̀ pé ọwọ́ Línọ́ọ̀sì ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wà, àti pé bó ṣe lé e jáde yẹn, ó ti kó kọ́kọ́rọ́ náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ̀rọ ń wá ìgbàlà, tí àwọn ará Èkó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

Rúùtù kò rẹ́rìn-ín. Kò sì pariwo. Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó sí pálọ̀ láìtú gèlè orí rẹ̀.

"Ohùn màámi dà?"

Tísà tú táì ọrùn rẹ̀. "Mo ti bà á jẹ́, Rúùtù," ó ní. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti fi orúkọ pè é gbẹ̀yìn. "Màá gbé e lọ Ìlọrin lọ́la. Màá bẹ Abdulkadir."

Rúùtù tú gèlè náà. Kò rí ọkùnrin yìí kó bẹ ẹnì kan rí. "Sídì yẹn, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fi í sí i, ṣé ẹ̀rọ ò tan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà lórí àyè?"

"Ó tan."

"Ẹ tún fi í sí i."

"Kò lè ṣe nǹkan kan, Ìyá Bọ́lánlé, torí pé..."

"Ẹ fi í sí i, Bàbá Bọ́lánlé."

Ó fi í sí i. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Tísà ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, títí gbogbo ẹrù Wíńdò fi yọjú níbi tó fi wọ́n sí, ọ̀kan kò sọnù. Ó tẹ orin àkọ́kọ́. Ikọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni Màmá Ìsánlú sọ̀rọ̀: "Barnabas, ṣé nǹkan ọ̀hún ti ń gbọ́ mi? Ọkọ ọmọ mi yìí, kì í jẹ́ kí nǹkan sinmi." Ó wá gbé orin.

Rúùtù bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Kí àwọn ará Èkó tó lọ, Tísà ti da orin náà sórí fóònù gbogbo wọn. Ó da á sórí fóònù àwọn tí kò béèrè. Ọlọ́pàá kan tó dá mọ́tò rẹ̀ dúró lọ́nà Òkè-Onígbìn náà gba tirẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni Tísà sùn tí kò jí. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ́lánlé ní kí ìyá òun bá òun lọ sí Èkó. Rúùtù ní òun kò lọ.

"Ṣùgbọ́n ilé ti dákẹ́ jù," ó ní. "Ọkùnrin yẹn kì í jẹ́ kí n gbádùn. Tó bá ti rí nǹkan tuntun báyìí, 'Ìyá Bọ́lánlé, wá wò ó! Wá wò ó!' Màá fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, màá lọ wò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró nu ojú.

"Síbẹ̀, mo máa ń lọ wò ó."