Ẹ̀bẹ̀ tí Àjíbíkẹ́ Bẹ̀ ní Ifọ̀

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí inú ń bí mi, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí. Ọmọlabí ni mò ń jẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ibiṣẹ́ ń pè mí ní Màmá, èmi ni mò ń tẹ lẹ́tà ní ilé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà kan ní Ifọ̀. Àjíbíkẹ́ ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wa. Mowe ló ti ń wá lójoojúmọ́, oṣù mẹ́jọ gbáko, wọn ò tíì fún un ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni Ọ̀gá Bádéjọ, tó ni ilé ìdánwò náà, ní òun máa fọwọ́ sí i, bí ìdánwò bá lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀.

Aago méje àárọ̀, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pín ìbéèrè fún ogójì yòókù tàn, ṣùgbọ́n kò rí ìkankan nínú wọn. Aago mẹ́sàn-án sì ni ìdánwò. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo níwájú àwọn tó wá ṣèdánwò: "Olódo! Ta ló ní kí n gba obìnrin sídìí ẹ̀rọ?"

Àjíbíkẹ́ tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ náà. Ó ń ka ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀ nígbà tó ń jí, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rí: ọ̀gá kan wà nínú kọ̀ǹpútà, kẹ́nẹ́ẹ̀lì lorúkọ ẹ̀. Kì í dá iṣẹ́ ṣe, ńṣe ló máa ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mọ́dúù, látinú fódà tiẹ̀. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun ló jí láàárọ̀ yẹn. Ó pe mọ́dúù tó ń bójú tó wáyà nẹ́tíwọ̀kì, kò bá a nílé. Àjíbíkẹ́ mú ti kẹ́nẹ́ẹ̀lì àtijọ́ wá fún un. Ó kọ̀ jálẹ̀, kò gba òṣìṣẹ́ ẹlòmíì. Nígbà tí Àjíbíkẹ́ ṣí fódà ti tuntun náà, ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ péré ló wà níbẹ̀.

Ó yé e, ó yé èmi náà. Lánàá, bó ṣe ń kó kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ wọlé lọ́wọ́ ni Ọ̀gá lọ pa jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé gàdàgbà wà lára ẹ̀: Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ PA Á. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣe omi òjò.

Àjíbíkẹ́ fi kẹ́nẹ́ẹ̀lì àtijọ́ jí ẹ̀rọ náà padà. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, gbogbo ogójì ti wọlé.

Ṣé kò yẹ kó tán síbẹ̀? Ọ̀gá ní kí ló fà á. Àjíbíkẹ́ ní: "Ẹ má bínú sà, jẹnẹrétọ̀ tí ẹ pa lánàá ni." Háà! Ojú Ọ̀gá yí padà bìrí. "Èmi? Èmi tí mo bí irú ẹ lọ́mọ?"

Mo fa Àjíbíkẹ́ sẹ́yìn. Ẹnu mi yìí ni mo fi ní: "Kúnlẹ̀, jàre. Sọ pé ẹ̀bi ẹ ni. Ẹni tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Ṣebí bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn? A ó bẹ àgbà, àgbà náà á mọ̀ nínú ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ó wò mí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni, sà. Ẹ dárí jì mí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù jáde láti gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Tún un sọ, kó wọlé dáadáa." Ó tún un sọ. Ọ̀gá wá kọjú sí mi: "Ọmọlabí, tẹ lẹ́tà. Mo ti lé e. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnu ara ẹ̀ ló fi jẹ́wọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run rí mi, kọ́mà kan ò ṣì.

Nígbà tí mo gbé e fún un, Àjíbíkẹ́ ní: "Màmá, ṣebí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi?"

Mo ní mo mọ̀. Mo na bírò sí i, mo sì fi ibi tó máa fọwọ́ sí hàn án.